Òrùka Tó Gé Igi Ọsàn

Abọ́ tánganran kan wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń lọ òkúta. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ òrùka, yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sínú abọ́ yìí. Láàárọ̀, abọ́ á kún bí àpótí ìyàwó tuntun. Nírọ̀lẹ́, kálukú á máa ṣa ohun tirẹ̀, wọn á sì máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀.

"Ta ló mú yẹtí mi? Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin olè wọ̀nyí."

"Kí lèèyàn fẹ́ fi bàbà ṣe?"

"Bàbà lẹ́nu ẹ. Góòlù ni."

"Ó dáa, gbé e fún Alágbẹ̀dẹ kó bá ẹ yọ́ ọ wò."

Alágbẹ̀dẹ ni ìnagijẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ iná ìléru ní ilé ìwádìí náà. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò sì ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn tó ń wá wúrà kiri lórí òkè àti létí odò máa ń kó òkúta wá nínú àpò. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí ìyẹ̀fun, wọ́n á jọ̀ ọ́ nínú asẹ́. Alágbẹ̀dẹ á wá yọ́ ìyẹ̀fun náà pọ̀ mọ́ òjé nínú iná. Bí wúrà bá wà níbẹ̀, òjé á gbá a mọ́ra, á sì gbé e lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á tún fi iná lé òjé lọ, wúrà á ṣẹ́kù, hóró bíńtín tí ojú ń wá kó tó rí. Ásíìdì ni yóò yọ́ hóró náà. Ẹ̀rọ á kà á, á sì sọ bí ilẹ̀ tí òkúta ti wá ṣe lọ́rọ̀ tó.

Ìdí nìyẹn tí Màdáàmù, ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí náà, fi gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti sọ ọ́ títí ètè rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ bó: "Wúrà ni à ń wá nínú òkúta. Ẹ má fọwọ́ ara yín gbé e wọlé."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í fi nǹkan kan sínú abọ́. Sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn lọ́jọ́ tó gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ àbísọ pè é, ó máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Òrùka ìyá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ọsàn odindi ọdún kan ni bàbá fi ra òrùka náà fún ìyá nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Nígbà tí ìyá ń kú lọ, ó bọ́ ọ, ó sì tì í bọ ọmọbìnrin rẹ̀ níka. Bí ẹ bá bi Sáyẹ́ǹsì pé kí ló dé tí kì í bọ́ ọ, á ní nítorí ìrántí ìyá òun ni. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní àbúrò tí kì í mú jáde sójú àlejò. Ọwọ́ rẹ̀ gùn, ìka rẹ̀ rẹwà, ó sì fẹ́ràn bí àwọn tó gbé àpò òkúta wá ṣe máa ń tẹjú mọ́ ọwọ́ náà bó bá ń júwe ibi tí wọn yóò gbé ẹrù sọ̀ fún wọn.

Bí Màdáàmù bá wà nítòsí, á wọ ìbọ̀wọ́. Bí Màdáàmù bá ti yí ẹ̀yìn padà, á bọ́ ọ. Ó ní ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí òun mọ ìyẹ̀fun lára. Á na ọwọ́ lásán sínú asẹ́, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra òkúta lílọ̀ náà mọ́ wáyà asẹ́ títí á fi jọ̀ tán.

Òrùka náà wá ń dán. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Sáyẹ́ǹsì kúrò nídìí gbígba àpò wá sídìí asẹ́, dídán rẹ̀ ń ga sí i lójoojúmọ́. Ó sì ti ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi òwú pupa wé e lábẹ́ kó má baà bọ́.

"Mo ti ń fọn," ló wí fún Alágbẹ̀dẹ. "Ẹ ò rí i? Oúnjẹ alẹ́ tí mo pa tì ló ń ṣiṣẹ́."

Alágbẹ̀dẹ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó láti ẹsẹ̀ padà sórí.

"Ìka nìkan lo fi fọn?"

Sáyẹ́ǹsì pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó lọ kí bàbá rẹ̀ nílé, ó bá a lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń gbẹ́ ojú àgbàrá nísàlẹ̀ ọgbà ọsàn. Ọgbà yìí ló tọ́ wọn dàgbà. Bàbá ló gbin igi ọsàn kíkan síbẹ̀ lọ́dọ̀ọ́, nítorí pé igi ọsàn kíkan ni gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. Ìyá ló wá gé ẹ̀ka ọsàn mímu lọ́ ọ sára wọn, igi kan lẹ́yìn òmíràn, tó fi aṣọ wé ojú ibi tó gé bí ẹni di ọgbẹ́ ọmọ. Gbòǹgbò bàbá, ẹ̀ka ìyá. Ọsàn náà dùn débi pé àwọn oníbàárà máa ń wá ká a fúnra wọn kó tó pọ́n.

"Sáyẹ́ǹsì, wá wo kiní yìí," ni bàbá wí. Ọkọ́ rẹ̀ ti kan òkúta funfun kan. Ohun kan ń kọ mànà nínú rẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Sáyẹ́ǹsì gbé òkúta náà, ó tutọ́ sí i, ó fi ìka nù ún, ó gbé e sójú oòrùn. Kò sí ìdí fún itọ́ náà, ṣùgbọ́n bàbá ń wò ó.

"Bàbá, inú irú òkúta yìí ni góòlù máa ń sá pamọ́ sí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ káfíńtà, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá, gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Irú rẹ̀ náà ni mo fi há ilẹ̀kùn mi," ló wí. "Ṣé kí n lọ gbé e wá kó wá jókòó nínú ilé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ òkúta sílẹ̀ fún àwa tó mọ̀ ọ́n."

"Mo ti fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló máa ń gbá a."

Sáyẹ́ǹsì gbé òkúta náà sínú báàgì. Bẹ́ẹ̀ òfin kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ òkúta ará ilé rẹ̀ wò. Ojú tó ń wá ire fún bàbá kì í rí kedere. Ó mọ òfin náà. Ó gbà pé nítorí àwọn tí ojú wọn kò mọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ó ti òkúta bàbá sáàárín ti àwọn oníbàárà. Ó fọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó jọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ti àwọn ẹlòmíràn, ìwọ̀nba ló máa ń fọwọ́ ra. Ti bàbá rẹ̀, ó ra á títí, kò fẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́kù lórí asẹ́. Bí ìfẹ́ bá ń lọ òkúta ni, òkúta yẹn ìbá ti di omi.

Alágbẹ̀dẹ yọ́ ọ. Ó fi ẹ̀mú gbé hóró wúrà tó ṣẹ́kù sókè sójú iná, ó súfèé.

"Ta ló ni eléyìí?"

"Oníbàárà kan ni."

"Bá mi sọ fún oníbàárà náà pé mo ní ọmọkùnrin kan tí kò tíì gbéyàwó."

Ẹ̀rọ kà á, ohun tí ẹ̀rọ sì kà pọ̀. Ilẹ̀ tó bá ní ìdajì irú rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá á jà lé e lórí.

Ní ilé ìwádìí yẹn, èsì kan kì í ṣe èsì. Bí wúrà bá yọ, wọ́n gbọ́dọ̀ tún òkúta náà yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíràn ṣe é, kí wọ́n sì ti iyanrìn mímọ́ tí kò ní wúrà rárá gba ọ̀nà kan náà kọjá. Bí iyanrìn náà bá mú wúrà jáde, a jẹ́ pé inú ilé ni wúrà ti wá, kì í ṣe inú ilẹ̀. Sáyẹ́ǹsì mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Òun ló máa ń kọ́ àwọn tuntun. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n á bi í pé òkúta ta ni.

Kò ní kí wọ́n tún un ṣe. Fóònù ló gbé.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Góòlù ni, Bàbá. Góòlù wà nínú ilẹ̀ yín."

Ohùn ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ gba inú fóònù wá.

"Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Kí ló dé tí góòlù náà ò yọjú títí ìwọ fi dé?"

"Ó ń dúró de ẹni tó kàwé ni."

"Áà. Góòlù náà ní ìtìjú."

"Fi ọmọ mi sílẹ̀," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ti dà bí ohùn ẹni tó ní àlejò nílé.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí ọkùnrin kan tó ní katakata. Ó wá wo ilẹ̀, ó fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ní òun yóò wa kòtò náà lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá gbà láti jọ pín ohun tó bá jáde. Ó ku ohun kan: katakata òun kì í bá gbòǹgbò jà. Kí wọ́n gé gbogbo igi ọsàn. Kí wọ́n sì tètè gé e, nítorí pé ibòmíràn ń dúró de òun.

Bàbá, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ ẹ̀ka kan nínú ọgbà náà láti ìgbà tí ìyá ti kú, pe ọmọ rẹ̀.

"Sáyẹ́ǹsì. Ó ní kí n gé igi ìyá ẹ. Gbogbo rẹ̀."

Sáyẹ́ǹsì wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé ìwádìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì dúró tì í, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ní kí n dúró," ni bàbá ń bá a lọ. "Èmi náà, ẹsẹ̀ mi wúwo. Mo ti sọ fún oníkatakata pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ni n ó tẹ̀lé. Bó o bá ní kí n dúró, n ó dúró. Ṣé kí n gé e?"

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà nìyẹn. "Ẹ dúró" kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ṣùgbọ́n "ẹ dúró" yóò bí "kí ló dé," "kí ló dé" yóò sì bí "mi ò tíì tún un yẹ̀ wò." Èwo ni ọ̀mọ̀wé tí gbogbo àdúgbò ń kí kú oríire yóò fẹ́ sọ lójú ẹlẹgbẹ́?

"Bàbá, ẹ̀rọ kì í purọ́," ló wí. "Ẹ gé e."

Lóòótọ́ ni, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń kà. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ da iyọ̀ sómi, kó má bú ahọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Màdáàmù pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí yàrá asẹ́.

"Láti bí oṣù mélòó kan," ló wí, "gbogbo ayé ti di wúrà. Òkúta orí òkè, wúrà. Yẹ̀pẹ̀ etí odò, wúrà. Ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù gbé iyanrìn wá kí a bá òun wò ó bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀, òun náà ní wúrà. Mo wá rò ó pé ọ̀kan nínú méjì ni. Bóyá ilé ayé ló ti lówó, tàbí àwa ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Lọ́sẹ̀ yìí, mo fi iyanrìn mímọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dígí, sínú àpò, mo sì pín in fún yín bí ẹni pé ti oníbàárà ni. Alágbẹ̀dẹ, kí lo rí?"

Alágbẹ̀dẹ kò gbójú sókè. "Ti gbogbo wọn ṣófo, Màdáàmù. Àfi ti Sáyẹ́ǹsì."

"Sáyẹ́ǹsì, bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ."

Ó bọ́ ọ. Òrùka ń dán lábẹ́ iná bí ẹyinjú ológbò.

"Kí ni òwú yìí ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi ni, Màdáàmù. Mo ti fọn díẹ̀."

"Ìwọ kọ́ lo fọn," ni Màdáàmù wí. "Òrùka ló fọn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Màdáàmù di ọwọ́ náà mú, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. "Ẹ wò ó. Wúrà rọ̀. Òkúta yìí le jù ú lọ. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ yìí bá ra ìyẹ̀fun mọ́ asẹ́, òkúta ń họ òrùka. Wúrà tí kò ju ẹyọ iyọ̀ kan lọ, bó bá bọ́ sínú kílò kan ìyẹ̀fun òkúta, ó ti tó kí ẹ̀rọ pe pápá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ wúrà. Ẹyọ iyọ̀ kan. Ojú yín ò ní rí i."

Sáyẹ́ǹsì bi í pé: "Màdáàmù, èyí tí mo jọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Gbogbo ohun tí o fọwọ́ kàn. A ó pe àwọn tó ni wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì tọrọ àforíjì."

Sáyẹ́ǹsì já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sáré síta, ó pe bàbá. Fóònù dún, kò gbé e. Ó pe ẹ̀gbọ́n, òun náà kò gbé e. Ó tún pe bàbá. Nígbà tí Màdáàmù jáde tọ̀ ọ́ wá, ó ti jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́bàá abọ́ tánganran, ẹnu rẹ̀ sì ń sọ gbogbo rẹ̀ jáde láìtò.

Màdáàmù kò bú u. Ọkọ̀ ló lọ ṣí.

"Má rò pé nítorí ẹ ni mo ṣe ń lọ," ló wí nígbà tí wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. "Orúkọ ilé ìwádìí mi ló ń gé igi bàbá ẹ. Abọ́ ni mo gbé sẹ́nu ọ̀nà, mi ò gbé ojú síbẹ̀."

Òórùn igi ọsàn tútù ló kọ́kọ́ pàdé wọn, kí wọ́n tó rí nǹkan kan. Ẹ̀rọ ìgégi ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni. Igi sùn lórí igi, ọsàn dúdú ṣì wà lára wọn, àwọn kan ti yí gbirigbiri lọ dé ojú àgbàrá. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí ìtì igi kan, eruku pákó bò ó lórí. Òun ni bàbá ní kó gé e. Bàbá kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan igi ìyá.

Bàbá fúnra rẹ̀ ti gbé àga sáàárín ibi tó ti di gbangba. Ó ti wẹ̀, ó dé fìlà tuntun. Oníkatakata kò tíì dé, ṣùgbọ́n bàbá kò fẹ́ kí ọrọ̀ bá òun láìmúra.

"Ẹ káàbọ̀ o," ló wí nígbà tó rí Màdáàmù. "Ṣé ọ̀gá ẹ nìyí? Ẹ káàbọ̀ sórí ilẹ̀ góòlù."

Màdáàmù kúnlẹ̀ kí i. Kò dìde kíákíá.

"Bàbá, ẹ forí jì wá. A ò mọ̀ bóyá góòlù wà nílẹ̀ yín."

"Ẹ̀rọ ti sọ ọ́."

"Ohun tí ẹ̀rọ rí wá láti inú òrùka ọwọ́ ọmọ yín. Òkúta ló họ ọ́ nígbà tó ń jọ̀ ọ́. Mi ò sọ pé kò sí góòlù níbí o, mi ò sì sọ pé ó wà. Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Kí a tó lè sọ pé ó wà, a ó gbé òkúta láti ojú ibi púpọ̀, ọwọ́ tó yàtọ̀ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ilé ìwádìí mìíràn náà yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà náà ni àjọ tó ń rí sí ohun alùmọ́ọ́nì yóò sọ bóyá ó tó kí a wà á jáde, àti ẹni tó láṣẹ láti wà á. Igi gígé ló máa ń kẹ́yìn, Bàbá. A kì í fi í ṣíwájú."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Sáyẹ́ǹsì. Mo bi ọ́."

"Ẹ bi mí, Bàbá."

"Mo ní ṣé kí n gé e."

"Ẹ bi mí."

"Ìwọ gan-an, ṣé o mọ̀ pé ó yẹ kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò?"

Sáyẹ́ǹsì ìbá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu níbẹ̀, ì báà ní góòlù, ì báà má ní. "Mo mọ̀, Bàbá."

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó wo àwọn kùkùté, tí omi ṣì ń sun lójú wọn.

"Wọ́n á tún hù," ló wí. "Gbòǹgbò wọn ṣì wà nílẹ̀. Àbí wọn ò ní hù?"

Ẹ̀gbọ́n gbọn eruku orí rẹ̀ dànù.

"Wọ́n á hù, Bàbá. Ọsàn kíkan ni wọ́n á so."

Bàbá kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé. Òun ló gbin gbòǹgbò. Ohun tí ìyá lọ́ sí i ló ti bá ayùn lọ.

Sáyẹ́ǹsì tú òwú pupa náà, ó bọ́ òrùka, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá gbà á, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó ti fẹ́lẹ́ débi pé etí rẹ̀ kan ti mú bí abẹ.

"Odindi ọdún kan ni mo fi ta ọsàn kí n tó rà á," ló wí. "Ọsàn ló ra òrùka. Òrùka wá gé ọsàn. Wọn ò jẹ ara wọn ní gbèsè mọ́."

Ó fi òrùka náà lé e lọ́wọ́ padà, ó gbé àga rẹ̀, ó wọlé.

Ilé ìwádìí gbé òkúta láti ojú ibi púpọ̀ nílẹ̀ náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ilé ìwádìí mìíràn náà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó ń kọ mànà yẹn, òkúta dídán lásán ni, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n fi há ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀, ẹ gbọ́ o. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wúrà wà lábẹ́ ilé tàbí oko yín, ì báà jẹ́ ọmọ yín tó kàwé jù, ẹ bi í léèrè: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ilé ìwádìí mìíràn náà rí i? Ṣé wọ́n ti iyanrìn mímọ́ gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú rẹ̀, kí ló sì fi hàn? Bó bá bínú sí ìbéèrè yín, ẹ ti rí ìdáhùn gbà nìyẹn.

Ẹ má gé igi, ẹ má wó ilé, ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má sì gbẹ́ kòtò nítorí èsì kan ṣoṣo. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ohun alùmọ́ọ́nì. Ẹni tó bá ń kán yín lójú pé òun ń lọ síbòmíràn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Bí wúrà bá wà nínú ilẹ̀ lóòótọ́, ó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí baba ńlá yín. Kò ní bínú bí ẹ bá ní kó dúró díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ òkúta, ẹ bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ti ìyá yín pàápàá. Ẹ má fọwọ́ ara yín yẹ òkúta ará ilé yín wò. Bí ẹ kò bá tíì mọ nǹkan dájú, ẹ sọ pé ẹ kò tíì mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn lẹ́nu ẹni tó kàwé, ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀pọ̀ igi là.

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìnkùlé bàbá yẹn kọjá lónìí, ẹ ó rí ọgbà kan tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí èso rẹ̀ sì pọ́n dáadáa. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ lè ká iye tó bá wù yín. Ó kan.